Ẹ̀bẹ̀ Tó Ṣáájú Ẹ̀sùn

3.

…kí ẹnikẹ́ni tó bínú rárá ló ti ń sọ pé ẹ má bínú. Bó ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì níbi iṣẹ́, Ìyá Ìjì á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òun tí wọ́n tẹ̀ ni yóò máa bẹ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ. Tètè bẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà dàgbà. Ọ̀rọ̀ tí a bá bẹ̀ ní kékeré kì í hu irùngbọ̀n.

Òótọ́ ni. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

(Kí ẹnikẹ́ni má wá 1 àti 2. Ibẹ̀ ni ìgbà dídùn wà. Kò gùn tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀.)


4.

Àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ má baà ṣìnà.

ÌYÁ ÌJÌ. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura ló ń lọ̀, láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ ki ju ti òsì lọ.

ÌJÌ. Ọmọbìnrin rẹ̀, òun nìkan ló bí. Ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ sì ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Àga kan wà tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ló máa ń gbé e sí, tí yóò jókòó, tí yóò máa wo ẹni tó ń wọlé bí ẹni pé tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

KÁFÍŃTÀ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá Ìjì. Òun náà ló ń kan tábìlì fún ilé ìfọṣọ tí Ìyá Ìjì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ni. Ohun tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀gá ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán.

ÀǸTÍ ÀTÌLẸ́YÌN. Ó ń bọ̀ lọ́nà.

BÀBÁ ÌJÌ. [                    ]

Wọ́n fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un. Kò wá gbà á.


5.

Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, ó fa aṣọ orí tábìlì. Àwo bá a bọ̀, ife bá a bọ̀, ọbẹ̀ bá a bọ̀. Ó jókòó sáàárín gbogbo rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Orúkọ dé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ fi orin gbè é:

     Ìjì dé, ẹ ká aṣọ,
     ẹ ká aṣọ o, Ìjì dé.
     Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé lórí okùn,
     ó dọwọ́ olúwa rẹ̀ o,
     Ìjì dé!

Orin ìṣeré ni. Àwọn ará ilé ń kọ ọ́ títí di òní, tí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Wọn kì í pàtẹ́wọ́ sí i mọ́.


7.

OHUN TÍ ÌJÌ ṢE, TÓ ṢE LÓÒÓTỌ́

— Ó da omi ìfọlẹ̀ lé Bàbá Ìsàlẹ̀ lórí láti òkè. Ó ní òun ò rí i. Ó rí i.
— Ó ta ilẹ̀kùn Káfíńtà nípàá títí tí àgbékọ́ rẹ̀ fi yẹ̀.
— Ó ń yí rédíò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí ń jó nínú abọ́ ní yàrá kejì.
— Ó pe olùkọ́ rẹ̀ ní orúkọ kan. A ò ní kọ ọ́ síbí. Orúkọ náà ba olùkọ́ mu, ìyẹn ló dùn ún.
— Ó tutọ́. Ẹ má bi wá pé síbo.

Kí ló fà á? Ilé ìwé bi í. Ìyá rẹ̀ bi í. Ó ní òun náà ti bi ara òun, òun ò rí ẹni dá òun lóhùn.


8.

          ÌKÉDE

          Sí gbogbo ayálégbé.
          A rí i pé ìwà tó ń da àlàáfíà ilé rú ti pọ̀ jù.
          Ẹni tó bá rí ohunkóhun, kó wá sọ.
          Ẹbí tí ẹ̀sùn bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ yóò kó jáde.
                              — Ọ́fíìsì Ilé

Nísàlẹ̀, ẹnì kan fi bírò kọ ọ́:

          ìyá ìjì ẹ ti ń dirù bí?


9.

Ọ́fíìsì méjì ló wà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ o.

Ọ́fíìsì Ilé ló ni ilé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ilé parọ́rọ́.

Ọ́fíìsì Àtìlẹ́yìn Ẹbí ló ń ran òbí lọ́wọ́, òbí tí ọmọ rẹ̀ ń da àdúgbò láàmú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹbí má tú ká.

Ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n jọ ń gbà wọlé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bébà èyí a sì máa bọ́ sórí bébà tọ̀hún.


10.

ÀǸTÍ ÀTÌLẸ́YÌN: Ẹ káàsán, mà. Ọ́fíìsì Àtìlẹ́yìn Ẹbí ló rán mi wá.

ÌYÁ ÌJÌ: Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú.

ÀǸTÍ: Kí lẹ ṣe, mà?

ÌYÁ ÌJÌ: Àtẹ̀gùn yìí ga.

ÀǸTÍ: Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́lé, mà.

ÌYÁ ÌJÌ: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú.

ÌJÌ (láti inú yàrá): Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ná!

ÀǸTÍ: Ìwọ ni Ìjì?

ÌJÌ: Wọ́n ní èmi ni.

ÀǸTÍ: Mi ò wá bá ọ jà o.

ÌJÌ: Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú fáìlì jáde.

(Àǹtí mú fáìlì jáde.)

(Ìjì rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjì ń bẹ àwọn méjèèjì.)


11.

Ọmọlúàbí èèyàn ni Àǹtí. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ lápá kan nítorí àtẹ̀gùn àwọn ẹlòmíì. Ó mú ìràwọ̀ bébà wá. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá fẹjọ́ Ìjì sùn, kí wọ́n lẹ ìràwọ̀ kan mọ́ ògiri.

"Àǹtí, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni mo wà ni?"

"Ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ìjì lẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ó rìn káàkiri yàrá bí ọba. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú kí wọ́n má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa á.

Kí Àǹtí tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Màmá, ẹ máa lọ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀kùn má máa tì láàárín yín."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á á mọ̀ pé ìmọ̀ràn gidi ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ wo ni Ìyá Ìjì mọ̀ ọ́n bá èèyàn sọ?


11, lẹ́ẹ̀kan sí i.

     Ẹ má bínú o, ará ilé,
          ẹ má bínú.
     Ohun tó fọ́, ohun tó ya,
          ẹ má bínú.
     Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó fọ́ ọ,
     mo ti wà lórí orúnkún —
          ẹ má bínú.


12.

Gíláàsì ilẹ̀kùn àbáwọlé fọ́. Atẹ́gùn ló gbá a. Atẹ́gùn gidi, èyí tí kò ní ìyá.

Ìyá Ìjì sọ̀ kalẹ̀.

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀: O ti tún dé, obìnrin yìí.

ÌYÁ ÌJÌ: Ẹ má bínú, Bàbá. Ti gíláàsì yẹn.

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀: Ọmọ rẹ ló fọ́ ọ? Èmi rò pé atẹ́gùn ni.

ÌYÁ ÌJÌ: Ẹ ṣáà má bínú, sà.

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀: Hà. Ọmọ rẹ ni kẹ̀! Mo jókòó síbí, mi ò tiẹ̀ mọ̀.


13.

Láti inú ìwé Ọ́fíìsì Ilé:

Gíláàsì àbáwọlé. Ìyá wá tọrọ àforíjì. Ó jẹ́wọ́.
Iná àtẹ̀gùn tó kú. Ìyá wá tọrọ àforíjì. Ó jẹ́wọ́.
Ọ̀dà tó dà sórí ògiri. Ìyá wá tọrọ àforíjì. Ó jẹ́wọ́.
Ológbò tó sọnù. Ìyá wá tọrọ àforíjì. Ó jẹ́wọ́.
Ológbò tó padà wá. Ìyá wá tọrọ àforíjì.

(Iná yẹn, ọjọ́ ogbó ló pa á. Ọ̀dà, ọwọ́ akunlé fúnra rẹ̀ ni. Ológbò, ọ̀ràn ìfẹ́ ló bá lọ.)


14.

ÌJÌ: Ẹ tún ti lọ bẹ̀ wọ́n lórí gíláàsì?

ÌYÁ ÌJÌ: Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, ọkọ mi.

ÌJÌ: Mi ò fọ́ gíláàsì kankan!

ÌYÁ ÌJÌ: Mo mọ̀.

ÌJÌ: Ẹ mọ̀?

ÌYÁ ÌJÌ: Atẹ́gùn ni. Mo wà lójú fèrèsé nígbà tó ṣẹlẹ̀.

ÌJÌ: Kí lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?

ÌYÁ ÌJÌ: Kí wọ́n má baà bínú.

ÌJÌ: Sí atẹ́gùn?

ÌYÁ ÌJÌ: Má pariwo. Wọ́n á gbọ́.

ÌJÌ: Kí wọ́n gbọ́! Kí wọ́n gbọ́, Màmá! Ìgbà kan ṣoṣo tí mi ò ṣe nǹkan, ẹ ò jẹ́ kí n rí i jẹ!

(Ó yí rédíò sókè. Ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í jó.)


15.

Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, Ìyá Ìjì dúró, ó ń nu abọ́ tó ti gbẹ.

Ó mọ̀ pé ọmọ náà sọ òótọ́. Àmọ́ òótọ́ ni ohun tí èèyàn máa ń sọ tó bá ní ilé tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé onílé, ẹ̀bẹ̀ ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kò rántí. Bóyá kò sí ẹni tó sọ ọ́. Bóyá orúnkún rẹ̀ ló sọ ọ́.


17.

Àpótí lẹ́tà kan tẹ̀ kọrọdọ nísàlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ amúlẹ́tà ló tẹ̀ ẹ́. Ó ń kánjú.

Ìyá Ìjì ti lọ bẹ̀ wọ́n kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ní ojúmọmọ, lójú Bàbá Ìsàlẹ̀ lórí àga rẹ̀, Ìjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òkúta. Kò sáré. Ó lu àpótí lẹ́tà gbogbo ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń lu agogo. Ti Káfíńtà. Ti Bàbá. Ti wọn pàápàá, ó lù ú.

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀: Orí ẹ dàrú ni?

ÌJÌ: Wọ́n ti bá mi bẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, Bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló kù. Òun ni mo wá ṣe.


18.

Ẹni a fẹ́ sun jẹ, ó fepo para, ó tún lọ jókòó sídìí iná.

Ta ni òwe yìí ń bá wí, ìyá ni àbí ọmọ?

Ẹ sọ fún wa tẹ́ ẹ bá mọ̀.


19.

KÁFÍŃTÀ, ohun tó sọ fún Ọ́fíìsì Ilé:

"Èmi ò ní nǹkan kan sí obìnrin yẹn o. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìwà jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ta ilẹ̀kùn mi nípàá, ó ti bẹ̀ mí títí mo fi ń fara pa mọ́ fún un. Mo máa ń wo ihò ilẹ̀kùn kí n tó jáde nínú ilé ara mi. Lójoojúmọ́ ló ń rán mi létí. Mi ò bá ti gbàgbé."


20.

Lẹ́tà dé láti Ọ́fíìsì Ilé. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan la ó kọ:

          Ẹ̀sùn kan ṣoṣo sí i, ẹ ó fi ilé sílẹ̀.

Ilé ìwé náà ní kí Ìjì lọ jókòó sílé ná.


21.

Ibi iṣẹ́ Ìyá Ìjì, lára ògiri, lókè àwọn ẹ̀rọ:

          ẸNI TÍ KÌ Í ṢE ÒṢÌṢẸ́ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ.
          ÒṢÌṢẸ́ TÓ BÁ MÚ ÈÈYÀN WỌLÉ, IṢẸ́ RẸ̀ TÁN.

Òfin yìí nídìí. Ooru ẹ̀rọ ti bó ọwọ́ ọmọ ẹnì kan rí. Ọ̀gá kì í dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ìjì mú àbúrò rẹ̀ wọlé láti wá jẹun, kò padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ife tó fi ń mu omi ṣì wà lórí fèrèsé.


22.

Àmọ́ báwo ni yóò ṣe fi Ìjì sílẹ̀ nílé, pẹ̀lú ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó kù?

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rìnrìn àjò, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mú un wọlé, ó fi aṣọ ibùsùn bò ó nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aṣọ.

"Màmá, mò ń gbóòórùn ọṣẹ ilé olówó níbí!"

"Pa ẹnu ẹ dé, òkú ọ̀run kì í sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín pa aṣọ. Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n.


22, ó kù díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí o. Ẹ má kánjú. Ohun tó dùn kò pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Aṣọ ibùsùn tó tóbi, ẹnì kan kì í ká a. Ó ní láti jẹ́ ẹni méjì. Ẹ di etí aṣọ mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹnì kejì dì í mú lọ́hùn-ún. Ẹ fà á kó le. Ẹ gbọ̀n ọ́n — fàà! — kó gba atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa rìn bọ̀ wá bá ara yín.

Ìjì mọ̀ ọ́n ká. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Etí aṣọ ń bá etí aṣọ mu bí ẹnu ìbejì. Ìyá ń lọ̀ ọ́, ọmọ ń ká a, ooru ń gòkè, òógùn ń bọ́ nímú àwọn méjèèjì, orin sì gba ẹnu wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá a:

     Fà á kó le,
          mo fà á o.
     Gbọ̀n ọ́n kó là,
          mo gbọ̀n ọ́n o.
     Wá bá mi níhìn-ín, ọmọ mi,
          mò ń bọ̀ o, mò ń bọ̀.
     Ọwọ́ rẹ dà?
          Òun rèé nínú tiyín.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé láàárín aṣọ, iwájú orí Ìjì á kan ti ìyá rẹ̀. Ó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀.

Kò fọ́ nǹkan kan ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé ẹ má bínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ò sọ ọ́.


23.

Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé.

Àpò ìdọ̀tí ló jóná ní àbáwọlé. Iná ran àga Bàbá Ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ àga ló ṣẹ́kù. Ẹnì kankan ò mọ ẹni tó ju iná síbẹ̀. Bàbá dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò fi ara tì.

Ìyá Ìjì ò tíì gbé báàgì kalẹ̀.

"Bàbá. Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ forí jì wá."

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìjì, ohùn jẹ́jẹ́ tí wọn ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí:

"Màmá."


24.

          Ọ́fíìsì Ilé
          sí ìyá ọmọ náà:

          Ẹ̀sùn iná. Ìyá tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́wọ́.
          Ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ẹ wá pẹ̀lú ọmọ yín.


26.

ÀǸTÍ: Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, mà. Èmi ni alága. "Ṣé ọmọ yín ló dáná sun àga Bàbá?"

ÌYÁ ÌJÌ: Ẹ má bínú.

ÀǸTÍ: Rárá, mà.

ÌYÁ ÌJÌ: Ẹ má bínú, mo gbàgbé.

ÀǸTÍ: Màmá! Lọ́dọ̀ wọn, "ẹ má bínú" túmọ̀ sí "èmi ni". Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti sọ ló wà nínú ìwé wọn.

ÌYÁ ÌJÌ: Gbogbo ẹ̀?

ÀǸTÍ: Gbogbo ẹ̀, mà.

(Ìyá Ìjì jókòó sórí ibùsùn.)

ÀǸTÍ: Níbo ni Ìjì tiẹ̀ wà lọ́jọ́ náà?

(Ìyá Ìjì wo Ìjì. Ìjì wo òrùlé.)

ÌYÁ ÌJÌ: Ọ̀dọ̀ mi ni. Níbi iṣẹ́. Aṣọ la jọ ń ká.

ÀǸTÍ: Ó parí! Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀!

ÌYÁ ÌJÌ: Káfíńtà máa wà níbẹ̀, Àǹtí. Tó bá gbọ́, ọ̀gá mi gbọ́. Iṣẹ́ tán nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá tán, kí ni mo fẹ́ fi san owó ilé?

(Àǹtí ṣí fáìlì, ó tún pa á dé.)

ÌYÁ ÌJÌ: Ibo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ èyí sí nínú fáìlì yẹn?

ÀǸTÍ: Kò síbi tí wọ́n yà sílẹ̀ fún un, mà.

ÌJÌ: Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò ní sọ ibi tí mo wà. Ẹ ṣáà má bẹ̀ wọ́n. Ẹyọ ìyẹn nìkan. Ẹ má bẹ̀ wọ́n.

ÌYÁ ÌJÌ: Mi ò ní bẹ̀ wọ́n.

ÌJÌ: Ẹ búra.

ÌYÁ ÌJÌ: Má bínú, mo gbọ́.


27.

Fóònù Ìyá Ìjì:

Ẹ káàárọ̀ mà. Àǹtí Àtìlẹ́yìn ni. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ìbẹ̀wò tí ọ́fíìsì yàn fún ẹbí yín ti pé. Ẹlòmíì ló máa bá yín dúró níwájú ìgbìmọ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ má bínú mà.

          Ko si wahala Anti. E ma binu pe a yo yin lenu

          Iji lo n te eyi. E ni e o wa ba mi ja. Ooto ni. E o ja.

(Àǹtí ti kà á.)




28.

Yàrá ìgbìmọ̀ mọ́ tónítóní. Tábìlì gígùn. Omi wà níwájú àwọn tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, kò sí níwájú àwọn tó kọjú sí i. Fèrèsé ga tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn ń rí. Ẹni tó wá dípò Àǹtí ń ka fáìlì. Ojú ewé kejì ló ṣì wà. Káfíńtà jókòó ní ìlà iwájú, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

ALÁGA: Ìyá ọmọ, ẹ káàbọ̀. A rí i nínú ìwé pé gbogbo ìgbà lẹ̀ ń jẹ́wọ́. A dúpẹ́. Ó ń mú iṣẹ́ wa yá.

ÌYÁ ÌJÌ: (kò sọ̀rọ̀)

ALÁGA: Bàbá, ẹ rí ẹni tó dáná?

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀: Mi ò rí i. Mo lọ sùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí bẹ̀ mí kí èéfín tó kúrò lójú mi. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò mọ̀dí?

ALÁGA: Ìwọ ọmọ, kí lo fẹ́ sọ?

ÌJÌ: Mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà.

ALÁGA: Níbo lo wà?

ÌJÌ: Mi ò sí nílé.

ALÁGA: Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?

ÌJÌ: (kò sọ̀rọ̀)

KÁFÍŃTÀ: Ẹ̀yin ẹ wò ó. Ẹnu tó ń jí gbogbo ilé!

BÀBÁ ÌSÀLẸ̀: Àga yẹn… àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló dáwó rà á. Orúkọ gbogbo wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti kú.

(Ó nu omijé nù.)


28, bí ó ṣe rí láti inú Ìyá Ìjì.

Ọ̀rọ̀ náà ti kún un lẹ́nu. Ó pa eyín dé. Ó gbé e mì, ó tún gòkè wá. Àgbàlagbà ń sunkún níwájú rẹ̀, ó sì jókòó sórí àga bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé! Kí ni ìyá tó bí i yóò wí? Orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. Orúnkún yẹn ò nílò rẹ̀ mọ́, ó mọ ọ̀nà.

Nígbà náà ni ó rí i pé ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ dé ilẹ̀.


29.

Ìjì ti kúnlẹ̀.

Ìjì tí kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tó ti mọ orúnkún sí ohun tí à ń tẹ̀.

Kò kọjú sí tábìlì. Ó kọ ẹ̀yìn sí alága, sí Bàbá, sí omi wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

ÌJÌ: Màmá, mo bẹ̀ yín. Mo ní mi ò ní sọ ọ́, mi ò sì sọ ọ́. Ẹ̀yin, ẹ sọ ibi tí mo wà.

ALÁGA: Kí ló ń sọ? Dìde, ọmọ yìí, kọjú síbí.

ÌJÌ: Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bẹ̀, sà.

ÌJÌ: Màmá.


29.

Káfíńtà sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lẹ́rán, ó fa àga sún mọ́ iwájú.


29.

Ìyá Ìjì la ẹnu.


29.

Akọ̀wé gbé bírò sókè, ó ń dúró dè é.